Kábéèjì, Ewé Ìgbà Òtútù

Bí ọ̀bẹ bá la kábéèjì sí méjì, ewé ni yóò kún ojú wa: ewé bo ewé, ọ̀kan ká mọ́ èkejì, títí dé kùkù funfun tó wà láàárín. Ewé ẹ̀yìn dúdú, iṣan rẹ̀ yọ gedegbe, ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi dúró. Bí òjò bá kán sí i, ńṣe ni yóò yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Ti inú funfun, nítorí oòrùn kò fojú kàn án rí. Ìrudi ewé kan ṣoṣo ni odindi kábéèjì, ìrudi ràgàjì tí kò tíì ṣí.

Kò ṣàdédé dì mọ́ra bẹ́ẹ̀. Orí àpáta etí òkun Yúróòpù ni irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ṣì ń hù, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń fẹ́. Ọdún méjì ni kábéèjì ń lò láyé. Lọ́dún kìn-ín-ní, ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú ewé. Bí òtútù bá ti kọjá lórí rẹ̀, yóò yọ òdòdó yẹ́lò lọ́dún kejì, yóò sì so. Oúnjẹ tó fi pamọ́ de òtútù yẹn ni ènìyàn ń gé jẹ. Bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ni ṣúgà ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kí omi inú rẹ̀ má baà tètè dì. Ìdí nìyí tí kábéèjì tí ìrì dídì ti sẹ̀ sí fi ń dùn ju ti ìgbà ooru lọ. Lọ́dọ̀ wa náà, òkè Jos tó tutù ló ti ń ṣe dáadáa.

Àwọn ará Rọ́ṣíà mọyì ewé yìí gan-an. Bí ìgbà òtútù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn a fi iyọ̀ sí i, bí i gíráàmù 20 sí kìlógíráàmù kan, wọn a fọwọ́ fún un títí omi yóò fi jáde lára rẹ̀. Wọn a kì í mọ́ inú àgbá, wọn a gbé nǹkan wúwo lé e kí omi náà lè bò ó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, yóò sì kan. Irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì wa kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kíkan yìí ni kì í jẹ́ kó rà, fítámì C inú rẹ̀ kì í sì í tètè ṣòfò. Nígbà tí James Cook, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan, gbéra ní Ìlú Ọba lọ́dún 1768, ó kó kábéèjì kíkan sínú ọkọ̀ nítorí àrùn àìtó fítámì C tó ń mú èrìgì àwọn atukọ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ó wá ní kí wọ́n máa gbé e síwájú àwọn ọ̀gá lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń du ún, tó sì di wíwọ̀n fún wọn.

Shchi ni ọbẹ̀ tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń fi kábéèjì sè. Wọn a se ẹran màlúù eléegun fún bí i wákàtí méjì, wọn a máa ré ìfófó orí rẹ̀ kúrò. Wọn a fi bọ́tà yí àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì lórí iná. Pòtétò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ó sì gbọ́dọ̀ rọ̀ kí kábéèjì kíkan tó tẹ̀ lé e, nítorí bí omi bá ti kan, líle ni pòtétò yóò máa le. Tó bá jẹ́ kábéèjì tútù ni, ìyẹn kò ní wàhálà. Bí wọ́n bá bù ú tán, wọn a fi ṣíbí ọ̀rá wàrà kíkan kan lé e lórí, wọn a sì fi búrẹ́dì dúdú jẹ ẹ́.

Ọbẹ̀ yìí a máa dùn sí i bó bá sùn mọ́jú. Láyé àtijọ́, àwọn arìnrìn-àjò Rọ́ṣíà a máa jẹ́ kó dì gbagidi, wọn a fi àáké gé e lójú ọ̀nà, wọn a yọ́ ọ lórí iná. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Chicago náà lè sè é, nítorí kábéèjì kì í wọ́n nígbà òtútù níbẹ̀. Kó yan èyí tó wúwo lọ́wọ́, tí ewé rẹ̀ dì pinpin, tó sì ń dún bí a bá fún un mọ́ra.