Bíárìn onígi rèé o, ẹ gba àwọn àgbẹ̀ ilé lọ́wọ́ ìnáwó!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń dáko nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: “Ẹ fowó bíárìn ránṣẹ́ o, ọmọlanke ti dúró.” Iyanrìn ló ń pa bíárìn onírin. Tó bá ti ráyè wọ inú ẹ̀ báyìí, ńṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa di pátápátá. Tokunbọ̀ tí wọ́n bá sì fi rọ́pò ẹ̀, kádàrá ni.

Bẹ́ẹ̀, igi lásán lè ṣiṣẹ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ní nǹkan bí ọdún 1722, káfíńtà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Harrison, figi ṣe aago ńlá kan sí Brocklesby Park. Igi lignum vitae tó lò síbi tó ń yí, òróró wà nínú ẹ̀ látọ̀run wá, aago náà ò bèèrè ọ́ìlì. Igi yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe bíárìn ìdí ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwa máa se tiwa ni. Kí káfíńtà wá igi líle tó ti gbẹ, bí apá tàbí àyìn, àárín igi ni kó gé, kì í ṣe etí tó funfun. Kó lu ihò kékeré sí i, kó sì gé e débi pé ojú igi tó rí bí ojú kùkùté ni yóò máa gbé irin tó ń yí. Wọ́n á wá sè é nínú ọ́ìlì dúdú táwọn mẹkáníìkì ń dà nù. Omi inú igi yóò máa hó jáde. Tí híhó yẹn bá ti dẹwọ́, kí wọ́n gbéná kúrò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má yọ igi: bí ọ́ìlì ṣe ń tutù nigi ń fà á mu. Igi máa ń sún kì nínú ọ́ìlì, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó fẹ ihò náà, kó dẹ̀ díẹ̀ fún irin. (Ìta gbangba ni kí wọ́n ti sè é o. Tó bá gbiná, iyanrìn ni kí wọ́n dà sí i, omi kọ́!)

Àwọn Intermediate Technology Development Group, tí E. F. Schumacher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1966, tó ń jẹ́ Practical Action báyìí, wà lára àwọn tó kọ́ aráyé níṣẹ́ yìí.

Àmọ́ mi ò ní í tàn yín. Ẹ̀rọ gàrí tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹ má dán an wò, eré ẹ̀ ti pọ̀ jù, igi á gbóná, á sì jó. Ọmọlanke, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti fi bó àgbàdo, tàbí èyí tí wọ́n fi ń fami kànga, ibẹ̀ ló ti wúlò. Yóò jẹ náà o, igi kúkú ni. Tó bá jẹ tán, káfíńtà abúlé ni wọ́n á tún lọ bá, wọn ò ní í pè yín l’Ékòó.