Bí Pọ́límà Ṣe Ń Dá Omi Dúró Láàárín Ohun Méjì Tó Ń Gbo Ara Wọn

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ìṣòro tó wà nínú fífi omi mú nǹkan yọ̀ nìyí. Epo ki ju omi lọ. Bí ohun méjì bá tẹ omi mọ́ àárín, kíá ni yóò sá lọ, tí wọn yóò sì máa gbo ara wọn títí wọn yóò fi jẹ. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí pọ́límà ṣe ń yanjú ìṣòro náà.

Ohun tí Pọ́límà Jẹ́
Pọ́límà ni mólékù gígùn tó jẹ́ àkójọpọ̀ mólékù kéékèèké, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Òun ló ń mú omi ilá yọ̀. Bí a bá fi omi lásán pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, tí a fi wọ́n ra ara wọn, yíyọ̀ náà kì í pẹ́ lọ. Ti omi ilá máa ń pẹ́, nítorí pé pọ́límà di omi mú.

Ẹ̀kọ́ láti ara Oríkèé
Báyìí náà ni oríkèé ara rí: pọ́límà wà nínú omi tó ń mú orúnkún yọ̀. Ṣáájú ọdún 1962, John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Teflon ṣe oríkèé ìgbáròkó àtọwọ́dá. Teflon yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi jẹ, èérún rẹ̀ sì da ẹran ara láàmú. Ní 1962, ó fi polyethylene rọ́pò rẹ̀. Èyí sàn jù, síbẹ̀ èérún tirẹ̀ náà lè mú kí eegun jẹ, kí oríkèé sì tú, tí aláìsàn yóò fi padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ní 2003, Jacob Klein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé pọ́límà tó gbé agbára mànàmáná, tí a gbìn sójú nǹkan bí irun búrọ́ọ̀ṣì, ń fa omi mọ́ra débi pé agbára tó ń dí yíyọ̀ lọ́wọ́ kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún agbára tó tẹ ohun méjèèjì pọ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Tokyo gbin pọ́límà tó fẹ́ràn omi sójú polyethylene. Èérún rẹ̀ dínkù jọjọ nínú ìdánwò.

Àgbálọgbábọ̀
Kókó tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ni pé pọ́límà kò gba iṣẹ́ omi ṣe. Ó ń dá omi dúró kí omi lè ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ Teflon sì ni pé ohun tó ń yọ̀ lè máa jẹ. Ilá àti omi ti tó fún ìdánwò nínú kíláàsì. Èdè Yorùbá náà sì tó ó ṣàlàyé.