Èèrí Ògì àti Hóró Fítámì

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ èèrí. Àgbàdo á sun inú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sórí asẹ́, wọ́n á máa fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ títí funfun rẹ̀ yóò fi jò sílẹ̀ tán. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sórí asẹ́ ni èèrí, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló sì ni ín. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn dù ú, nítorí ògì tí èèrí bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀ lọ́fun ọmọ.

Èèrí irú èyí, ti ìrẹsì, ló la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ fítámì. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ní ìlú Batavia ní erékùṣù Java, èyí tó ń jẹ́ Jakarta lónìí, àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní beriberi ń pa àwọn sójà àti ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn ará Hólàńdì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ aláìsàn á kú, ọkàn rẹ̀ á máa ṣe ségesège, ó sì lè kú lójijì. Dókítà Christiaan Eijkman ń wá kòkòrò tó ń fà á, kò rí i. Níbi tó ti ń wá a ni àwọn adìyẹ tó ń sìn fún iṣẹ́ rẹ̀ ò lè fẹsẹ̀ dúró mọ́. Nígbà tó sì yá, ara wọn yá, láìlo oògùn kankan. Ó wádìí ọ̀rọ̀ náà délé ìdáná ilé ìwòsàn. Ìrẹsì funfun tí àwọn sójà jẹ kù ni wọ́n ti ń kó fún adìyẹ. Alásè tuntun wá dé, ó ní òun ò ní fi ìrẹsì sójà bọ́ adìyẹ, ni wọ́n bá dá wọn padà sórí ìrẹsì tí wọn ò tíì bó èèpo inú rẹ̀ kúrò.

Eijkman rò pé májèlé ló wà nínú ìrẹsì funfun, pé èèpo náà ló ń pa májèlé yẹn. Gerrit Grijns, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ ní 1901 pé májèlé kankan ò sí níbẹ̀, pé nǹkan kan tí ara nílò ló bá èèpo lọ. Ní 1926, Jansen àti Donath yọ nǹkan náà jáde ní Batavia kan náà. Òun là ń pè ní fítámì B1. Eijkman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929.

Ohun tí Grijns rí ṣòro fún gbogbo ayé láti gbà, títí kan àwa náà. A mọ àìsàn tó wọ ara: ibà, kòkòrò, májèlé. Èyí tó dé nítorí pé nǹkan kan ò wọ ara, ojú kì í tètè rí i. Fítámì 13 ló wà tí ara ènìyàn nílò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara ń fẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò lè dá púpọ̀ nínú wọn ṣe fúnra rẹ̀, ẹnu ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹni tó bá sì ń jẹun yó lójoojúmọ́ lè má rí wọn.

Kí ló dé tí ògì tí a sẹ́ èèrí rẹ̀ dànù kò fi bà wá jẹ́? Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí àgbàdo bà jẹ́. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àìsàn pellagra gba ilé àwọn tálákà kan: awọ ara á bó, ìgbẹ́ gbuuru á dé, orí á dàrú, ikú á tẹ̀ lé e. Dókítà Joseph Goldberger tí ìjọba rán lọ síbẹ̀ ní 1914 rí i pé oúnjẹ wọn ló fà á, àgbàdo, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti omi ìrèké tí wọ́n sè títí ó fi ki ṣáá. Fítámì kan wà nínú àgbàdo tó ń jẹ́ niacin, ṣùgbọ́n ó há mọ́ ibẹ̀ débi pé ikùn ò lè tú u. Àwọn ará Mẹ́síkò tó ni àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀ ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: wọ́n máa ń fi omi ẹfun tàbí eérú sè é, ìyẹn á sì tú niacin náà sílẹ̀. Àgbàdo la òkun kọjá, ọgbọ́n yẹn kò bá a wá.

Kò bá a dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ wa kì í dá rìn. Mọ́ínmọ́ín ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí àkàrà, tàbí ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ara ènìyàn lè fi purotéènì inú ẹ̀wà àti ẹja ṣe niacin fúnra rẹ̀, nítorí náà ohun tí àgbàdo fi pa mọ́, ẹ̀wà ń san án. Kò sí ìyá alákàrà kan tó jókòó ro èyí, síbẹ̀ ó rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí kan tó lágbára jù ú lọ fún ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ tó. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ilé tí ògì àti ṣúgà nìkan ti di oúnjẹ ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, nítorí pé owó ẹ̀wà ti kọjá agbára ìyá rẹ̀.

A tún ń fi ọwọ́ ara wa da nǹkan nù. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bọ ẹ̀fọ́, a ó fi omi tútù fọ̀ ọ́, a ó fún un títí omi aláwọ̀ ewé yẹn yóò fi tán nínú rẹ̀, a ó sì dà á sínú gọ́tà. Omi yẹn ló kó fítámì C àti fólétì lọ, iná ti kọ́kọ́ pa lára wọn. Ìkorò ewúro gbọ́dọ̀ kúrò, mo gbà. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó rẹ́ wọn, kí ẹ dà wọ́n sínú ata tó ti jinná, kí ẹ sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Epo pupa tí a fi ń ro ẹ̀fọ́ dára níbẹ̀ gan-an ni. Beta-carotene tó kún inú epo yẹn ni ara ń sọ di fítámì A, ọ̀rá ló sì ń gbé èyí tó wà nínú ewé wọnú ara.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí a ò kúkú yọ beta-carotene yẹn sínú hóró oògùn, ká máa gbé e mì? Wọ́n ti ṣe é. Àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó ní beta-carotene kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Ní Fínláńdì, láti 1985 sí 1993, wọ́n fi ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá dán an wò. Àwọn kan ń gba mílígíráàmù 20 lójúmọ́, àwọn kan ò gbà á. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó gbé hóró náà mì. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn tó ju 18,000 lọ, ní oṣù kìíní ọdún 1996 ni wọ́n sì sáré dá a dúró, torí ohun tí Fínláńdì rí ni àwọn náà ń rí, tiwọn tilẹ̀ burú jù. Ewé tútù ní ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nínú, ẹni tó ń jẹ ẹ́ sì sábà máa ń gbé ayé lọ́nà mìíràn. Hóró kan ò lè dípò gbogbo ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín ní kẹ́míìsì pé fítámì kì í pa ènìyàn, ẹ rántí àwọn ọkùnrin Fínláńdì.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí oúnjẹ nìkan kò ti ní tó, ibi tí ènìyàn ń gbé ló sì ń pinnu rẹ̀. Oòrùn ló ń mú kí awọ ara wa ṣe fítámì D tó ń mú egungun le. Ọmọ tó ń ṣeré lágbàlá ní Ìbàdàn ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Gbé ọmọ yẹn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ ń ràn. Èyí tó gba ojú gíláàsì wọlé kò wúlò rárá. Awọ dúdú tó ń dáàbò bò wá nílé ló tún ń dí díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́nà. Ẹja ọlọ́ràá bíi Titus àti ẹyin ní fítámì D, àmọ́ kì í sábà tó. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ibẹ̀ fi ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, tí wọ́n sì ní kí àwa aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lò ó jálẹ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Àmọ́ ẹ má fi hóró Lọ́ńdọ̀nù wo ẹsẹ̀ ọmọ tilé. Àwọn ọmọ kan wà ní Nàìjíríà tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀, oòrùn sì ń pa wọ́n lójoojúmọ́. Àwọn dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Jos láàárín ọdún 1990 sí 1999 rí i pé fítámì D kọ́ ló wọ́n wọn, kálísíọ̀mù ni. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, oúnjẹ àwọn ọmọ náà kò fún wọn ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200 lọ lójúmọ́. Wọ́n pín ọmọ 123 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ fítámì D, àwọn kan gba kálísíọ̀mù, àwọn kan gba méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba kálísíọ̀mù nìkan, 61 ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn tán. Lára àwọn tó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lára àwọn ọmọ yìí, ebi ti kúrò, ìṣẹ́ ṣì kù. Inú wàrà, edé àti ẹja kékeré tí a ń jẹ teegunteegun ni kálísíọ̀mù wà, ọmọ tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lásán kò lè rí i níbẹ̀.

Nítorí náà ni ara mi fi máa ń bù máṣọ bí mo bá rí ẹni tó ń ra ìgò fítámì ńlá torí pé ó ń rẹ̀ ẹ́, tí kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àlàfo wo la ń dí? Fítámì A tó bá pọ̀ jù kì í bá ìtọ̀ jáde bíi ti C, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó ara rẹ̀ jọ sí. Dókítà ní Bìrìtéènì máa ń kìlọ̀ fún aboyún pé kó má jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran, nítorí fítámì A tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè ṣe oyún níbi, bẹ́ẹ̀ àwa a máa bu ẹ̀dọ̀ fún aboyún kó lè lẹ́jẹ̀.

Hóró kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọbìnrin wa mọ̀, fólíìkì ásíìdì. Ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ inú ń pa ojú dé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró, kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó fura pé oyún wà. Bí kò bá pa dé dáadáa, ọmọ lè kú tàbí kó má lè rìn láéláé. Ìwádìí kan tó jáde ní 1991 fi hàn pé láàárín àwọn ìyá tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, fólíìkì ásíìdì dín ewu kó tún ṣẹlẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ewé àti ẹ̀wà ní irú rẹ̀, fólétì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí obìnrin fi kún oúnjẹ rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ kó tó lóyún. Nílẹ̀ wa, púpọ̀ nínú àwọn aboyún ló jẹ́ pé oyún ti di oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ fún wọn ní hóró yìí. Ó ṣì dára fún ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti pa dé tipẹ́, tàbí kó má pa dé mọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń béèrè ìwé jínótáìpù lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ìyàwó, kí wọ́n sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ fólíìkì ásíìdì.