Àdán Àgọ́-Ìwòyè, Àdán Austin

Ẹni tó bá yá ilé nítòsí igi máńgòrò ní Àgọ́-Ìwòyè mọ ariwo tí mò ń wí. Òru á jìn, àdúgbò á pa rọ́rọ́, nǹkan á wá já lu páànù: gbì! Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó á fò dìde, ó rò pé olè dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á lọ bá onílé.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Kí ló ń já lu òrùlé lóru mà?"

"Àdán ni jàre. Á bu máńgòrò jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á jù ú nù, á tún já òmíràn. Lọ sùn, ọmọ mi."

Máńgòrò ọ̀hún á wà nílẹ̀ lóòótọ́, ojú eyín wẹ́wẹ́ á wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èyí tí àdán ti fa omi rẹ̀ mu tán, tó pọ̀ ọ́ dànù bí ọmọdé ṣe ń tu háhá ìrèké.

Kí a má purọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn àdán láàárín wa. Àwọn kan ní kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Àwọn mìíràn gbà pé iṣẹ́ àwọn ìyá ayé ló ń jẹ́ lóru. Ọmọkùnrin tó ní rọ́bà lọ́wọ́ ń wo ẹran ọbẹ̀ ní tirẹ̀. Ní Ìdànrè, ọdún wà tí àwọn ọkùnrin fi ń wọ inú ihò àpáta lọ kó àdán, tí wọ́n á sì fi se àsè.

Ká kúrò nílé díẹ̀. Ní Accra, ilé ìwòsàn ológun kan wà tí wọ́n ń pè ní 37. Lórí àwọn igi ńlá tó wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdán, irú tiwa gan-an, ló ń sorí kọ́ lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ àti èrò ń kọjá lábẹ́ wọn. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ọba kan ló ṣàìsàn, wọ́n gbé e wá láti abúlé rẹ̀, àwọn àdán ibẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọba wàjà sí ilé ìwòsàn. Àwọn àdán ò gbà, wọ́n ṣì ń dúró dè é kó jáde. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Síbẹ̀, ìfẹ́ kì í dí ọjà lọ́wọ́: ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé, ó kéré tán, 128,000 àdán ni wọ́n ń tà lọ́dún fún jíjẹ ní gúúsù Ghana.

Ọ̀nà Austin ní Texas jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1980, wọ́n tún afárá Congress Avenue kọ́ nílùú náà, wọ́n sì fi àlàfo tóóró sílẹ̀ láàárín àwọn kọnkéré abẹ́ rẹ̀. Fífẹ̀ àlàfo náà ò ju ìka méjì lọ, ṣùgbọ́n ó jìn wọnú. Àwọn tó kọ́ ọ ò ro ti àdán mọ́ ọn rárá, àmọ́ àwọn àdán tó ń ti Mẹ́síkò bọ̀ lọ́dọọdún rí i, wọ́n ní ilé dé. Ni ìlú bá figbe ta. Ìwé ìròyìn ń kọ̀wé nípa àrùn dìgbòlugi, àwọn kan sì ń kó orúkọ jọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba pa gbogbo wọn run.

Merlin Tuttle, tó dá ẹgbẹ́ Bat Conservation International sílẹ̀ ní 1982, kó ẹgbẹ́ náà wá sí Austin ní 1986. Ẹnu ló fi ṣiṣẹ́. Ó ń tọ oníròyìn lọ, ó ń tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, ó ń wí pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kan àdán, àdán ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ń ṣàlàyé pé kòkòrò ni wọ́n ń jẹ, àti pé àfòpiná tí ọmọ rẹ̀ ń ba àgbàdo àti òwú jẹ́ wà lára oúnjẹ wọn. Lónìí, àdán tó ń gbé abẹ́ afárá yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Èrò á tò sórí afárá nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi á kó àlejò sábẹ́ rẹ̀, àwọn onílé ìtura ń pawó. Wọ́n tiẹ̀ ti mọ ère àdán sẹ́bàá ibẹ̀.

Àmọ́ ìfẹ́ ti Austin rọrùn. Àdán tiwọn ò wúwo ju gíráàmù 12 sí 15 lọ, kò bá ẹnikẹ́ni du èso, abẹ́ afárá ìjọba ló ń gbé, ìgbà òtútù á sì dé kó padà sí Mẹ́síkò. Tiwa lè tó 300 gíráàmù. Máńgòrò onímáńgòrò ló ń jẹ, ó sì ń ṣu sára aṣọ funfun tí a sá. Ẹni tó bá ní kí màmá onílé yẹn nífẹ̀ẹ́ àdán, kó kọ́kọ́ bá a fọ aṣọ.

Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ Tuttle ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa sọ iṣẹ́ tí ẹranko náà ń ṣe. Àdán wa ń jẹ èso ìrókò, ó ń fò jìnnà lóru, ó sì ń ṣu hóró rẹ̀ síbi tí igi ìyá kò lè dé. Lára ohun tí ìwádìí mìíràn ní Ghana fi hàn nìyẹn. Ìjẹ̀bú-Igbó, tí gẹdú sọ di olówó, jẹ àdán ní gbèsè tí kò sẹ́ni tó ń kà á sí.

Ìbẹ̀rù wa náà nídìí. Lára àdán tí wọ́n mú ní Erékùṣù Èkó ní 1956 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn Lagos bat virus, ìbátan dìgbòlugi. Nítorí náà, kí ọmọdé má ṣe fọwọ́ gbé àdán tó já sílẹ̀. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìran Austin láìgba físà, ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni kó lọ nírọ̀lẹ́, lásìkò tí àwọn àdán bá wà lórí igi. Ẹnikẹ́ni kì í gbowó ìran. Kó ṣáà mú agbòòrùn dání.