Àkàyé Láàárín Ọdún: Fún Òbí Ọmọ Year 5 àti Year 6 ní Crumpsall

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "kà", ni Yorùbá ń lò fún owó àti fún ìwé. Ọmọ lè ka ojú ewé kan látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń ka owó, kó pe gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ láìkọsẹ̀, kó sì pa ìwé dé láìmọ ẹni tó ṣe kí ni nínú ìtàn náà. Orúkọ tí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá fún ẹ̀kọ́ yìí ti sọ gbogbo rẹ̀: àkàyé. A kà á, ó sì yé wa. Ní Crumpsall níbí, ìlàjì kejì yẹn ló máa ń bọ́ mọ́ àwa òbí lọ́wọ́, torí etí la fi ń wọn ọmọ. Bó bá ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere bí ọmọ Manchester, ọkàn wa á balẹ̀. Ọmọ ọdún 9 sí 11 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, láti ìwọlé oṣù kẹsàn-án títí dé ìsinmi gbọọrọ.

Sáà kìíní

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkàwé. Abraham Moss Library kò jìnnà sí wa, ọ̀fẹ́ sì ni káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọ trámù láti ibùdó Crumpsall lọ sí àárín ìlú, kó sọ̀ ní St Peter's Square, níbi tí Central Library wà, ilé roboto tí wọ́n ṣí ní 1934. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú ìwé tó wù ú, kódà kó jẹ́ ìwé bọ́ọ̀lù. Oṣù kẹwàá ni Black History Month, tí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1987. Ìgbà yẹn dára láti béèrè ìwé àwọn òǹkọ̀wé tiwa. Onyeka and the Academy of the Sun, tí Tọlá Okogwu kọ ní 2022, bá ọjọ́ orí wọn mu dáadáa: ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni, agbára sì wà nínú irun orí rẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni fọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì ti ń parí fún ọmọ Year 6, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta sì ni èsì rẹ̀ ń jáde. Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì sọ́kàn, torí púpọ̀ nínú wa ló ń fi ojú Common Entrance, ìdánwò ìwọlé sẹ́kọ́ńdìrì ní Nàìjíríà, wo SATs, ìdánwò ìparí Year 6. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó jókòó ṣe SATs ní oṣù karùn-ún, ó ti mọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń lọ. Ìdánwò yẹn kò ní lé e kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àkókò àlọ́ nìyẹn, àlọ́ sì wúlò fún àkàyé ju bí a ṣe rò lọ. Ohun tó ń da ọmọ láàmú jù nínú ìwé ni èyí tí òǹkọ̀wé kò sọ jáde, tí àwọn tíṣà ń pè ní inference. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Òǹkọ̀wé sọ ààbọ̀, iṣẹ́ ọmọ ni láti sọ ọ́ di odindi. Ẹ pa á lálọ̀ọ́ nípa ìyá tó bí igba ọmọ, tí gbogbo wọn lé tìróò. Bó bá ní ẹ̀wà ni, ẹ má tíì yìn ín. Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Kó mú ẹ̀wà wá láti kíṣíìnì, kó fi ojú dúdú tó wà lára ẹ̀wà náà hàn yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú ìwé. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo ṣe yìí: "Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Ó wọ kíṣíìnì, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó dúró tì í, kò sì fọ nǹkan kan." Ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ lásán á ní Màmá fẹ́ fọ abọ́. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yé á ní ìròyìn burúkú ló gbọ́, á sì nàka sí fóònù àti omi tó ń dà ṣòfò. "Báwo lo ṣe mọ̀?" yìí sàn ju "Ṣé o ti kà á tán?" lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Sáà kejì

Ní 1984, Annemarie Palincsar àti Ann Brown ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí ilé-ìwé púpọ̀ ń lò títí dòní. Àwọn ọmọ á máa gba ipò tíṣà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó wà nípò á sọ ohun tó rò pé ó ń bọ̀, á bi àwọn yòókù ní ìbéèrè, á tú ibi tó ta kókó, á sì sọ ohun tí wọ́n kà ní ṣókí. Education Endowment Foundation, tó ń yẹ ìwádìí ẹ̀kọ́ wò ní England, ṣírò pé kíkọ́ ọmọ ní irú ọgbọ́n àkàyé báyìí ń fi ìtẹ̀síwájú bí oṣù mẹ́fà kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Nílé, ó máa ń ṣòro fún wa díẹ̀, torí wọ́n tọ́ wa pé ọmọdé kì í da ìbéèrè bo àgbà. Ní ogún ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi ń kàwé pọ̀, ẹ jẹ́ kó bi yín. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ jọ wá a nínú ìwé.

World Book Day ni Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta. Ilé-ìwé á fún ọmọ ní ìwé àṣẹ tó tó pọ́n-ùn kan, tí ó lè fi gba ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò. Owó tí a ń ná lórí aṣọ tí ọmọ fi ń múra bí ẹni inú ìwé lọ́jọ́ yẹn ń dùn mí. Ìró àti bùbá tó wà nílé tó láti múra bí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn wa.

Ọ̀rọ̀ líle ni ìṣòro tó tún kù, èdè wa sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá bá "reluctant" pàdé, ẹ sọ fún un pé ẹni náà ń lọ́ tìkọ̀. Bó bá kan "hover", ẹ ní àṣá ń rá bàbà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè tó lé ní 150 ni Manchester. Kò sí tíṣà tí etí rẹ̀ á di sí Yorùbá ọmọ yín.

Sáà kẹta

SATs Year 6 máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún, ọjọ́ kejì sì ni ti ìwé kíkà. Wákàtí kan ni, nínú èyí tí ọmọ á ka àyọkà mẹ́ta, á sì dáhùn ìbéèrè tó ní máàkì 50. Wọ́n á wá yí máàkì náà sí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 80 tó sì parí sí 120, níbi tí 100 ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń retí. Ní 2025, ìdá 75 nínú 100 ọmọ England ló dé ibẹ̀ nínú ìwé kíkà. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá wà lórí ìkànnì ìjọba. Ẹyọ kan tàbí méjì tó, kí ọmọ mọ bí wákàtí ṣe ń sáré. Ẹni tó ń fún un ní ọ̀kan lójoojúmọ́ ń kọ́ ọ ní ìdánwò, kò kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

Èsì á dé ní oṣù keje. Ìgbà yẹn náà ni Summer Reading Challenge ń bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìkàwé, ètò tó ti wà láti 1999 fún ọmọ ọdún 4 sí 11. Fún ọmọ tó ń parí Year 6, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Year 5 ṣì ní ọdún kan sí i. Káàdì Abraham Moss tó gbà ní oṣù kẹsàn-án ni kó mú dání.