Bí Orúkọ Àlejò Ṣe Di Ọgbẹ́ Lára Igi Oṣè Orí Òkè Pátì

Ọmọ Igbaruku tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ní wọ́n ti sọ Nàìjíríà lórúkọ kò ní láti kúrò ní Ìpínlẹ̀ Kogí tó ti wá. Yóò wọkọ̀ gba ọ̀nà Kábbà, yóò dé Lọ́kọ́ja, yóò sì gun Òkè Pátì. Òkè náà fi nǹkan bí mítà 458 ga ju ojú òkun lọ. Lórí rẹ̀ ni ilé ìsinmi Lugard, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, wà, ibẹ̀ lèèyàn ti ń wo Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà sì ni igi oṣè ńlá kan wà tí gbogbo àlejò máa ń fẹ́ dúró tì ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ igi yìí dáadáa, orúkọ ni yóò máa kà. Orúkọ ọkùnrin, orúkọ obìnrin, ọdún, lẹ́tà olólùfẹ́ méjì tí wọ́n ya àwòrán ọkàn yí ká. Wọn ò fi kálámù kọ ọ́. Ọ̀bẹ, ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ sára igi.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni bí a ṣe máa ń yára di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń kó wá ṣèbẹ̀wò. Òótọ́ ni pé ọmọ ilé-ìwé ń gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àṣà fífi irin kọ orúkọ sára oṣè ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ìlú Lọ́kọ́ja tó wà rárá, ojú omi sì ni àwọn tó mú un wá gbà wá.

Ní ọdún 1749, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ewé àti igi kan láti ilẹ̀ Faransé, Michel Adanson, dé àwọn erékùṣù Madeleine tó wà lójú òkun nítòsí Dakar, ní Senegal. Ó bá oṣè níbẹ̀ tí orúkọ àwọn ará Yúróòpù wà lára wọn. Àwọn atukọ̀ tó ti kọjá níbẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú ló gbẹ́ ẹ, wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n wá sí i. Inú Adanson dùn sí ohun tó rí, torí ó fẹ́ mọ bí igi náà ti dàgbà tó. Ó wo ọdún tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ó wo bí igi ti sanra tó, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì sọ pé oṣè lè lo ohun tó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún lọ láyé. Ìṣirò náà pọ̀ jù. Èyí tó dàgbà jù tí àwọn onímọ̀ òde òní tíì wọn ọjọ́ orí rẹ̀, nǹkan bí ọdún 2,450 ló lò, ní Zimbabwe. Síbẹ̀, orúkọ Adanson ni ayé fi pe irú igi yìí nínú ìwé ìmọ̀ títí dòní: Adansonia. Ọgbẹ́ tí atukọ̀ dá sára igi di ẹ̀rí fún onímọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n dá a.

Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1855, nígbà tí arìnrìn-àjò David Livingstone dé ibi ìtàkìtì omi ńlá tó fi orúkọ Ọbabìnrin Victoria pè, ó gbẹ́ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti ọdún náà sára igi kan ní erékùṣù tó wà létí omi náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni òun ṣe irú àṣehàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún padà rí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ nínú ihò oṣè kan ní Shiramba, ní Mozambique. Ní Botswana, oṣè kan wà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ìrìn-àjò Green sí lára pẹ̀lú ọdún 1858 sí 1859, àwọn arìnrìn-àjò sì ń lọ kà á títí di òní. Orúkọ pọ̀ lára oṣè mìíràn nítòsí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oṣè Chapman. Igi tó ní ìtì púpọ̀ ni, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò fi í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó wó lulẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2016.

Ẹ jẹ́ ká fi òdodo sọ ọ́: ọ̀bẹ kọ́ ló pa á. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde pé nínú oṣè mẹ́tàlá tó dàgbà jù ní Áfíríkà, mẹ́sàn-án ló ti kú tàbí tí apá tó dàgbà jù lára wọn ti wó láàárín ọdún bíi méjìlá péré. Ọ̀dá àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni wọ́n fura sí. Èyí gan-an ló yẹ kó mú wa ṣọ́ra. Igi tí oòrùn àti ọ̀dá ti ń bá jà kò tún yẹ lóhun tí à ń dá lọ́gbẹ́.

Ó yẹ ká wá béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé oṣè orí Òkè Pátì yìí ni àlejò ń yọ ọ̀bẹ sí. Ìtàn ni. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ pé abẹ́ igi yẹn ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard, jókòó sí, tó wo odò méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé, tó sì tibẹ̀ ṣe orúkọ Nàìjíríà jáde. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897 ni Flora Shaw kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa nígbà náà, kò sì tíì di ìyàwó Lugard. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní erékùṣù Madeira, lẹ́yìn ìyẹn ló wá síbí, kò sì pẹ́ tí àìlera fi mú un padà sílé.

Ohun tó yẹ kí àwa ọmọ Ọ̀kun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, tún mọ̀ ni pé oṣù kìíní ọdún 1897 yẹn kan náà ni ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, tí Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n gba Kábbà, wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídà, ìlú àwọn Núpé. Ogun Núpé ti lé àwọn baba ńlá wa gun orí àpáta fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ìgbà yẹn. Bí ẹnì kan ti ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn ẹlòmíràn ń fi ìbọn la ilẹ̀ wa kọjá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja. Gbogbo èyí lèèyàn lè rò bó bá dúró lórí Òkè Pátì. Ṣùgbọ́n ìtàn abẹ́ igi nìkan ni wọ́n ń sọ fún àlejò. Ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ fún pé orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti abẹ́ igi kan jáde, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun náà fi orúkọ tòun síbẹ̀.

Igi náà kò sì le koko mọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Awọ oṣè rí eérú-eérú, ó sì dán bí awọ erin. Bí ọ̀bẹ bá ha awọ òkè yẹn kúrò díẹ̀, awọ tútù tínrín kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń bá ewé ṣiṣẹ́, tó ń lo oòrùn fún igi lásìkò tí ewé bá ti wọ́ dànù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni okùn pupa-pupa, lẹ́yìn okùn ni igi rírọ̀ tó kún fún omi. Oṣè kì í tètè kú bí wọ́n bá bó o, ó máa ń tún awọ mìíràn hù. Èyí ló ń tan àwọn tó ń gbẹ́ ẹ jẹ: wọ́n ṣe bí ẹni pé kò dùn ún. Awọ tuntun yẹn máa ń wú yí ojú ọgbẹ́ ká ni. Lẹ́tà tó tínrín lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ á máa fẹ̀ bí igi ti ń sanra, títí A yóò fi wọ inú B. Bí ogún ọdún bá kọjá, ẹni tó kọ ọ́ lè má lè ka orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Àpá rẹ̀ kò ní lọ.

Àwọn òbí wa náà ń fi ọwọ́ kan oṣè. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń sá, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n fi ń se lúrú tí à ń jẹ. Oníṣègùn ń bẹ́ èèpo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ́ èèpo yí igi po, á bẹ́ ìwọ̀nba níbì kan, á fi ìyókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé igi kan ní ọ̀wọ̀, màrìwò ni wọ́n ń so mọ́ ọn tàbí kí wọ́n ró o ní aṣọ funfun. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé èèyàn ti débẹ̀, igi náà kò sì ṣẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 2023, àlejò kan fi kọ́kọ́rọ́ gbẹ́ orúkọ òun àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sára ògiri Colosseum ní Róòmù, ó ní òun kò mọ̀ pé ilé náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Paris, àwọn olólùfẹ́ fi àgádágodo kọ́ afárá Pont des Arts lápá méjèèjì títí apá kan ọwọ́ afárá náà fi já ní ọdún 2014. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba kó wọn kúrò, wọ́n tó tọ́ọ̀nù márùnlélógójì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti rò pé ẹyọ kan ṣoṣo tòun kò lè ṣe nǹkan kan.

A ní òfin. Òfin 77 ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ka bíba ohun ìrántí orílẹ̀-èdè jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè máa sun orí òkè. Ohun tí mo gbà pé yóò ṣiṣẹ́ kò wọ́n: kí ìwé ńlá kan wà níbẹ̀ tí àlejò yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó wá sí, kí wọ́n sì máa tọ́jú ìwé náà fún àwọn tó ń bọ̀. Kí afinimọ̀nà máa sọ ìtàn Flora Shaw bó ṣe rí gan-an, kó sì máa sọ ti Kábbà àti ti Bídà mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ha àwọn orúkọ tó ti wà níbẹ̀ kúrò, nítorí ọgbẹ́ kejì ni híha náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Yàgbà, Búnú, Ìjùmú, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Kábbà, ẹ̀yin lẹ ń kó ọmọ lọ sí Lọ́kọ́ja. Kí mọ́tò tó gbéra, ẹ gba ọ̀bẹ àti ìṣó lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò, kí wọ́n fi ya igi náà wálé.