Àwo Oúnjẹ Àgbà ní Olówógbowó

Bí àgbàlagbà bá jókòó ti oúnjẹ ní Èkó àtijọ́, àwọn ọmọdé inú agboolé kì í jìnnà. Wọn kì í tọrọ, nítorí ọmọ tí a kọ́ tí ó gbà kì í wo ẹnu àgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ náà kò ní tán nínú àwo. Orí ẹja yóò kù, òkèlè mẹ́ta mẹ́rin yóò kù. Òwe tí ó wà lẹ́yìn àṣà yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwà ọmọlúwàbí ni àwọn olùkọ́ fi ń túmọ̀ òwe náà fún akẹ́kọ̀ọ́, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìlera wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbà tí ó ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọdé ti díwọ̀n oúnjẹ ara rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi òfin dè é.

Erékùṣù Èkó kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ní Olówógbowó, àwọn Sàró tí ó padà ti Sierra Leone dé fìdí kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1851 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu ìlú, tàwọn ti àṣà ìjẹun lórí tábìlì. Àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà mú frejon ti Brazil wá, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi oje àgbọn sè, tí a ń jẹ pẹ̀lú ẹja ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ààfin ọba fúnra rẹ̀, Ìga Ìdúngànrán, oko ata ni ó ti gba orúkọ. Ta ni yóò wá sọ fún arúgbó irú ìlú bẹ́ẹ̀ pé kí ó gbàgbé adùn ẹnu?

Síbẹ̀, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ wọlé, ọmọ sì ti ọ̀dọ̀ dókítà dé: “Màmá, wọ́n ní kí ẹ má fẹnu kan ẹ̀bà mọ́. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹran.” Bóyá díẹ̀ ni dókítà sọ, tí ìbẹ̀rù ọmọ sọ ọ́ di púpọ̀. Màmá yóò dákẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò ní ebi kò pa òun. Àgbà tí kò jẹun yóò rù, iṣan rẹ̀ yóò rọ, ìṣubú kan ṣoṣo lórí àtẹ̀gùn sì lè dá a dùbúlẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ iyọ̀ kì í sábà ka ewu yìí sí.

Kì í ṣe pé kí a kọ etí ikún sí dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí ẹni tí ó ti dàgbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ahọ́n àti imú arúgbó kì í gbọ́ adùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí tí ó fi ń bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kánjúà. Mágí tí a rò pé yóò rọ́pò rẹ̀, iyọ̀ ni ó pọ̀ nínú òun náà. Alásè tí ó gbọ́n yóò wá adùn sí ibòmíràn: ata, àlùbọ́sà, efinrin, irú tí a kò fi iyọ̀ sí, ẹja tútù láti inú ọ̀sà. (Oko ata tí ìga ọba jókòó lé kò wà lásán!) Ẹ̀bà yóò kéré, ẹ̀fọ́ yóò pọ̀, ẹja kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Frejon pàápàá, ẹ̀wà ni; ṣúgà tí àwọn kan ń dà sí i ni kí a yọ fún alátọ̀gbẹ, kí àwo rẹ̀ sì má kún. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ti dókítà ni kí ó gbọ́.

Kí a tó dá oúnjẹ ilẹ̀ wa lẹ́bi, ìwádìí kan wà ní Ìbàdàn tí ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdìkàn, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn, nǹkan bí 14 ni àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń bá lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 32 ni ní Indianapolis. Kò sí ẹni tí ó lè tìtorí èyí sọ pé àmàlà ni oògùn. Ìgbé-ayé ìlú méjèèjì yàtọ̀ lọ́nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ tí ó kàwé máa sọ pé oúnjẹ ìbílẹ̀ ni ó ń pa àgbà.

Ohun tí ó bà jẹ́ jù ni àwo tí a ń dá jẹ. Àwọn ọmọ ti kó lọ sí Súrùlérè, sí Ìkòròdú, sí Lọ́ńdọ̀nù. Arúgbó kù sí yàrá òkè. Kò rí ẹni tí yóò ṣẹ́ oúnjẹ kù fún: yálà kí ó jẹ ẹ́ tán, tàbí kí ó fi ọmọrí dé e kí ó sì lọ sùn. Ọmọ-ọmọ tí a bá ń rán lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá àgbà yóò bá a jẹ ìdajì ẹ̀bà náà, yóò gba orí ẹja, yóò sì gbọ́ ìtàn. Níbi tí ọmọ-ọmọ kò sí nítòsí, ọmọ aládùúgbò wà. Ilé kò jìnnà sí ilé ní Olówógbowó.